Ẹnu Olóyè àti Àmù Ìlú

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Mi ò gbọ́. Ṣé ara yín ò yá ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o o o!"

"Ó tó, ẹ má fọ́ mi létí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó dá lórí àmù kan, ìyá kan tí ojú rẹ̀ yọ, àti ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n fi joyè."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé, àwọn ọmọ agboolé sì yí i ká lórí ẹní. Olúkúlùkù wọn ti mú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sísun kan wá. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú igbá kan, pé bí àlọ́ bá parí, àwọn á pín in jẹ.

"Ẹ gbé igbá yẹn wá sọ́dọ̀ mi," Ìyá Àgbà wí. "Bó bá wà láàárín yín, ìjà ni ẹ ó fi jà."

Ládépò, tó dàgbà jù nínú wọn, gbé e fún un. Àwẹ̀ró, tó kéré jù, jókòó síbi ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá. Kì í ṣe ọ̀dá kékeré o. Odò gbẹ títí ẹja fi ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará oko. Nígbà yẹn, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, wọ́n jọ ń wo ojú ọ̀run, wọ́n sì jọ ń bú òjò.

"Omi wo ni wọ́n wá ń mu?" Ládépò béèrè.

Ìsun omi kan ló kù, ó wà lẹ́yìn òkè, ó tó ìrìn ìdajì ọjọ́. Ìkookò sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá dá lọ kì í dá bọ̀, inú Ìkookò ló ń sùn.

Ni wọ́n bá pe ara wọn jọ lábẹ́ igi ọdán. Wọ́n ní àwọn á máa rìn pọ̀. Ẹni tó lágbára á gbé akèrègbè ńlá, ẹni tí kò lágbára á gbé kékeré, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú àmù kan ṣoṣo, àmù ìlú, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn lábẹ́ igi náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pín in. Ilé tó lọ́mọ púpọ̀ á gba púpọ̀, ilé tí kò lọ́mọ á gba díẹ̀. Aláìsàn tí kò lè rìn náà á gbà.

"Ẹni tí kò lọ síbẹ̀ náà á mu?" Ládépò tún béèrè.

"Ìwọ, ta ló wa iṣu tí o jẹ lálẹ́ yìí?"

Ládépò wolẹ̀. Àwọn yòókù fi í rẹ́rìn-ín.

Nínú ìlú yẹn, ìyá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹ mọ̀ pé ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kì í lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bí i. Légbénlègbé ni, orí àti ìrù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú omi ló ń gbé títí ẹsẹ̀ á fi hù. Bí omi bá gbẹ mọ́ ọn lára, ó tán nìyẹn. Inú ìkòkò ọbẹ̀ kan tí etí rẹ̀ ti kán ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kó ọgbọ̀n ọmọ sí.

Ojoojúmọ́ ló ń bá ìlú lọ sí ìsun, pẹ̀lú ìkarahun ìgbín kan. Omi inú ìkarahun náà kò tó ohun tí wọ́n fi ń bọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ń gbé e, ó ń fò, ó ń sinmi, ó ń fò, ó ń dà á sínú àmù ìlú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fún un ní ẹ̀kún igbá kan fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nǹkan ń lọ dáadáa. Àmù wà ní gbangba, gbogbo ojú ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá. Bí ara bá ti tù wá díẹ̀ báyìí, oyè ló máa ń wù wá.

Bàbá Akínṣọwọ́n, àgbẹ̀ kan tó fẹ́ràn àṣà ju oúnjẹ lọ, dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ìtìjú ńlá ni. Àmù tó tóbi tó báyìí, kò ní olóyè! Bí àlejò bá dé, ta ni kó dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Òótọ́ ni o!" gbogbo wọn ké.

Wọ́n wò yíká. Ẹlẹ́dẹ̀ ló níkùn jù. Wọ́n ní, "Ẹ wo ikùn. Ó jọ olóyè." Wọ́n já ewé akòko, wọ́n fi lé Ẹlẹ́dẹ̀ lórí, wọ́n ní òun ni Olórí Omi. Kí wọ́n tó kí i tán, Ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ ewé oyè náà.

"Ó jẹ ẹ́?" Àwẹ̀ró la ẹnu.

Ó jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn. Ó yẹ kí wọ́n ti fura láti ibẹ̀.

Wàyí o, àṣà kan wà ní ìlú náà. A kì í wo ẹnu olóyè nígbà tó bá ń jẹ tàbí tó bá ń mu. Ìwọ̀sí ni. Kí ni o tilẹ̀ fẹ́ rí níbẹ̀? Bí òùngbẹ bá ń gbẹ olóyè, gbogbo ènìyàn á kọ̀yìn sí i, títí yóò fi wúkọ́ pé òun ti mu tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó pín omi, Ẹlẹ́dẹ̀ dúró lẹ́bàá àmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

"Ẹ̀yin ni elégbè o," Ìyá Àgbà wí. "Kí orin náà sì lè dùn, ẹ̀yin náà ẹ kọ̀yìn sí mi, bí ará ìlú ti ṣe."

Àwọn ọmọ yí ara padà lórí ẹní, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ẹ kọ̀yìn o, ará ilé!"
"Kọ̀yìn!"
"Ẹ kọ̀yìn o, ará oko!"
"Kọ̀yìn!"
"Òùngbẹ mà ń gbẹ olóyè!"
"Kọ̀yìn!"
"Ojú tó bá wo ẹnu mi!"
"Kọ̀yìn!"
"Á yọ, á sì bọ́ sílẹ̀!"
"Kọ̀yìn!"

Kàrọ̀.

"Ìyá Àgbà, kí ló ró?" Ládépò béèrè, ó sì fẹ́ bojú wẹ̀yìn.

"Eku ni. Kọ̀yìn, olóyè kò tíì wúkọ́." Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó wúkọ́. "Ó yá, ẹ yíjú padà."

Nígbà tí ará ìlú yíjú padà, àmù tó kún dé ọrùn ti fà sí ìdajì.

"Òùngbẹ yìí mà pọ̀ o, Olóyè," Bàbá Akínṣọwọ́n wí.

"Iṣẹ́ ìlú ló ń fà á," Ẹlẹ́dẹ̀ dáhùn.

Wọ́n pín ìyókù. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gba ààbọ̀ igbá. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, Ẹlẹ́dẹ̀ ní àmù ló ń jò. Wọ́n wá amọ̀, wọ́n rẹ́ àmù nínú àti lọ́rùn. Kò kún. Ẹlẹ́dẹ̀ ní àfi kí olúkúlùkù máa gbé akèrègbè méjì dípò ẹyọ kan. Wọ́n gbé méjì. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gbé ìkarahun méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́nu. Àmù kò kún.

Nǹkan kan sì wà níbẹ̀ tí ojú gbogbo wọn rí. Gbogbo ìlú gbẹ, ètè là, ilẹ̀ là. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni ikùn rẹ̀ tutù, tí ẹrẹ̀ ń kán tó, tó, tó lára rẹ̀ bó ti ń rìn.

"Olóyè, ẹrẹ̀ wo nìyí?"

"Òógùn ni! Èmi ń ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ òógùn!"

Ni wọ́n bá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó má bínú.

"Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́ ni?" Ládépò pariwo.

"Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn tí òùngbẹ ń pa gan-an ló dọ̀bálẹ̀ jù."

Ṣùgbọ́n ìkùnsínú kò tán. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ Ẹlẹ́dẹ̀. Ìyẹn dára, àbí kò dára? Wọ́n mú Àgbò. Ṣùgbọ́n wọn kò kàn mú un bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fi joyè, wọ́n ní òun ni Ọ̀tún Omi. Bí Àgbò bá sì ti di olóyè…

"A kì í wo ẹnu rẹ̀!" àwọn ọmọ ké.

"Kí lẹ wá ń wò mí sí? Ẹ kọ̀yìn!"

Àwọn ọmọ kọ̀yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbe orin.

"Ẹ kọ̀yìn o, ará ilé!"
"Kọ̀yìn!"
"Òùngbẹ mà ń gbẹ Ọ̀tún!"
"Kọ̀yìn!"

Kàrọ̀. Kàrọ̀.

"Eku yẹn ti di méjì," Ládépò wí fún ògiri.

Ìyá Àgbà wúkọ́. Wọ́n yíjú padà.

Ẹlẹ́dẹ̀ mu, Àgbò tó ń ṣọ́ ọ mu, àmù tún fà sí i. Wọ́n ní ó dára, àwọn á wá ẹni tó máa ṣọ́ Àgbò. Wọ́n mú Pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé ó lóhùn, ó sì mọ̀dí omi. Wọ́n fi í ṣe Ìyálóde Omi.

"Àwọn ará ìlú yìí ò mà gbọ́n o," ọmọ kan wí láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́n," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ kọ̀yìn."

"Ẹ kọ̀yìn o, ará oko!"
"Kọ̀yìn!"
"Òùngbẹ ń gbẹ Ìyálóde!"
"Kọ̀yìn!"

Kàrọ̀, kàrọ̀. Kàrọ̀, kàrọ̀.

"Eku náà ti joyè," Ládépò wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Àgbà fi wúkọ́.

Ní ọjọ́ yẹn, kí àwọn olóyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mu tán, ọrùn ti ń dun ará ìlú. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, omi tó kù nínú àmù kò lè bo ẹsẹ̀ adìyẹ. Ẹ̀kún ìkarahun ìgbín kan ni wọ́n fún Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Méjì ló gbé wá lọ́jọ́ náà.

Ó délé, ó wo inú ìkòkò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gun ara wọn lórí ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi díẹ̀ kù sí. Mọ́kànlá ti kú. Ó kó wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sórí ewé. Kò sunkún. Kò fẹ́ fi omi ṣòfò.

Aládùúgbò Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ni Òwìwí, inú ihò igi ọdán ló ń gbé. Láyé ìgbà náà, ọ̀sán ni Òwìwí ń rìn bíi gbogbo ẹyẹ. Ẹ sì mọ ọrùn Òwìwí. Ó lè kọ̀yìn sí ọ kó sì máa wo ojú rẹ.

Òwìwí wá bá a. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Mo rí nǹkan kan. Mo kọ̀yìn bí wọ́n ṣe ní ká kọ̀yìn, ọrùn mi ló yí. Àwọn olóyè wọ̀nyẹn kì í mu omi o. Ọparun gígùn kan wà lẹ́yìn àmù, wọ́n fi ewé bò ó. Ẹnu ọparun yẹn ni wọ́n ń bu omi sí, ó sì ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn ilé Ẹlẹ́dẹ̀."

"O dájú?"

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

"Lọ sọ fún ìlú."

Ilẹ̀ mọ́, Òwìwí dúró lórí ẹ̀ka, ó sọ ọ́ fún ìlú. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ẹlẹ́dẹ̀ fi ké, "Ẹ gbọ́ o! Ó kọ̀yìn, ó sì ríran! Ta ní ń fi ẹ̀yìn orí ríran bí kì í ṣe àjẹ́?"

"Àjẹ́ ni o!" Àgbò kígbe.

"Àjẹ́! Àjẹ́! Àjẹ́!" Pẹ́pẹ́yẹ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Ni ìlú bá kó òkò. Wọ́n lé Òwìwí wọgbó. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó rántí béèrè ọ̀rọ̀ ọparun.

"Ṣé àjẹ́ ni lóòótọ́?" Àwẹ̀ró béèrè. Ohùn rẹ̀ dí díẹ̀.

"Ọrùn ló ní, ọmọ mi. Ọrùn lásán."

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gbé ìkòkò àwọn ọmọ rẹ̀ karí, mọ́kàndínlógún ló kù, ó fò títí ó fi dé abẹ́ igi ọdán. Àwọn olóyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró yí àmù ká. Ẹlẹ́dẹ̀ gbẹ́nu lé orin.

Àwọn ọmọ fẹ́ yí sí ògiri. "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́," Ìyá Àgbà wí. "Kò sí ìdí fún un mọ́."

Gbogbo ìlú kọ̀yìn. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kò kọ̀yìn.

"Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, ṣé o ò gbọ́ ni? Kọ̀yìn!"

"Mo gbọ́, Olóyè. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹnu yín ni èèwọ̀, àbí àmù?"

Bàbá Akínṣọwọ́n, tó kọ̀yìn síbẹ̀ náà, họ orí. Ó ní, "Láyé bàbá mi… ẹnu ni. Mi ò gbọ́ ti àmù rí."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Olóyè, mi ò ní wo ẹnu yín. Kò sí ohun tó dára lójú nínú ẹnu yín tí mo fẹ́ wò. Àmù ni mò ń wò. Omi ìkarahun tèmi wà nínú rẹ̀."

"Ojú rẹ á yọ!"

"Bó bá yọ, kó yọ. Ọmọ mọ́kànlá ti yọ lọ́wọ́ mi."

Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó tẹjú mọ́ àmù, kò ṣẹ́jú. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Ó ń yọ o!" Ẹlẹ́dẹ̀ ké. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀yìn, ẹ má yí padà o! Ojú rẹ̀ ń yọ!"

Jìnnìjìnnì bo ìlú. Ojú Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ yọ, ó yọ, ó yọ… ó dúró. Kò bọ́ sílẹ̀.

"Mo ṣì ń ríran o," Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Mo rí igbá lọ́wọ́ Ẹlẹ́dẹ̀. Mo rí ọparun."

Bàbá Akínṣọwọ́n fi ojú kan wẹ̀yìn. Ojú náà kò bọ́. Ó fi ìkejì wẹ̀yìn. Ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí padà, ìyàwó bàbá náà yí padà, kí ẹ tó mọ̀, gbogbo ìlú ti yí padà. Ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń da omi ìlú sẹ́nu ọparun.

"Mo… mo ń fọ ọparun ni," ó wí.

Àwọn ọmọ ń yí lórí ẹní fún ẹ̀rín. "Ó ń fọ ọparun!"

Ìlú tọ ọparun náà títí dé ẹ̀yìn ilé Ẹlẹ́dẹ̀. Kòtò ẹrẹ̀ ńlá kan ni wọ́n bá níbẹ̀, ó tutù, ó ń dán. Irun Àgbò wà létí rẹ̀. Ìyẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ ń léfòó lórí rẹ̀. Omi tí ènìyàn fi ẹ̀mí wewu lójú ọ̀nà Ìkookò, àwọn olóyè fi ń yíràá.

Àwọn kan ń wá pàṣán, àwọn kan ń bú wọn. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gba àárín wọn kọjá, ó da ìkòkò rẹ̀ sínú kòtò náà. Àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún ju ìrù, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ló tó jókòó, tó sunkún. Omi ti wà.

Wọ́n ní kí wọ́n gba ewé oyè lórí Ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n wá rántí pé ó ti jẹ ẹ́. Ìtìjú bá a, ó dorí kodò, kò sì tíì gbé e sókè títí dòní. Ojú Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ náà kò padà sí ààyè rẹ̀ mọ́.

Ìlú tún ètò tò. Wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú àmù kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń pín omi, ẹni tó ń pín omi kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ń pín in, kí gbogbo ojú wà lára àmù. Olóyè tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó lọ mu ìpín tirẹ̀ nílé. Bàbá Akínṣọwọ́n ní bí àṣà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ló gbàgbé.

"Òwìwí ńkọ́?" Ládépò béèrè.

Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ nínú igbó. Ó kọ̀yìn sí wọn, ó sì ń wò wọ́n. Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́." Kò bá wọn padà. Òru nìkan ló ń jáde láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ àwọn tí Òwìwí gbà lọ́wọ́ òùngbẹ ṣì ń pè é ní àjẹ́. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù nínú àlọ́ yìí, kí n má purọ́ fún yín.

Ládépò na ọwọ́. "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ ká pín ẹ̀pà wa."

Ó fa igbá mọ́ra. Èèpo ẹ̀pà ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀pà méje péré ló wà láàárín èèpo náà.

"Ìyá Àgbà! Ẹ̀pà wa dà?"

Ìyá Àgbà nu ẹnu. "Igbá yẹn ló ń jò."

"Ẹ jẹ ẹ́! Ẹ̀yin ni eku!"

"Ta ló kọ̀yìn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ̀yìn!"

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà ló ní kí wọ́n kọ̀yìn. Ẹ fi ará ìlú rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní wọn ò gbọ́n, ẹ sì kọ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta."

Ládépò yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn lo jókòó sí. Ṣé o ò rí wọn ni?"

Àwẹ̀ró wo Ìyá Àgbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Ó rọra gé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ jẹ.

Kàrọ̀.

"Òun ni mo fi ṣe Ọ̀tún," Ìyá Àgbà wí.

Ariwo sọ. Ó jẹ́ kí wọ́n pa á tán kó tó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò le. Ẹni tí ẹ bá fi joyè, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀ bí kò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa kó jọ, ojú gbogbo wa ni kó máa wà lára rẹ̀. Ìdí àlọ́ mi rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tí mo ti gbé e. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀pà má ró lẹ́nu mi mọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó mú ẹ̀pà mẹ́ta nínú méje náà.

Kàrọ̀. Kàrọ̀. Kàrọ̀.

Ládépò gbé igbá kúrò níwájú rẹ̀, ó gbé e sí àárín ẹní gan-an, lábẹ́ iná àtùpà. Ẹ̀pà mẹ́rin ló kù. Àwọn ọmọ súnmọ́ ọn, wọ́n yí i ká.

Ìyá Àgbà tún wúkọ́. "Ẹ̀yin ọmọ mi, òùngbẹ mà ń gbẹ olóyè. Ẹ kọ̀yìn o!"

"A ò kọ̀yìn!"